Adágún Tí A Kò Fún Ní Òògùn

Obìnrin náà dúró nínú adágún kẹrin, omi mù ún dé orúnkún, ó gbé edé kan sókè sójú oòrùn. Ara edé náà mọ́ gaara bíi gíláàsì, obìnrin náà sì ń wo inú rẹ̀. Bùútù rẹ̀ kan ti há sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró bíi lékeléke.

Ọkùnrin kan rí i láti orí bèbè. Àwọ̀n wà léjìká rẹ̀. Òkú edé ló fẹ́ wá kó. Ẹni ogójì ọdún ni, òun ló ń tọ́jú adágún mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ sétí òkun. Oníyọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí iyọ̀ omi náà kì í tán lára ṣòkòtò rẹ̀, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa bùútù yìí," obìnrin náà wí. Kò gbé ojú kúrò lára edé. "Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, màá ṣubú."

Ó wọ inú omi, ó fà á. Bùútù jáde. Obìnrin náà ṣubú náà ni. Gbogbo ara rẹ̀ rẹ, àfi ọwọ́ tó fi gbé edé sókè.

"Ìfun rẹ̀ ṣófo," ó wí láti ibi tó jókòó sí nínú omi. "Kò jẹun láti àná."

"Láti ìjẹta ni," Oníyọ̀ dáhùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án àrùn nìyẹn. Ilé ìwádìí ló rán obìnrin náà wá. Kòkòrò àìfojúrí tó ń pa edé ni iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wo ènìyàn kankan sàn rí. Ó mú edé mẹ́wàá sínú ìgò, ó dúpẹ́, ó lọ pẹ̀lú aṣọ tó ń kán omi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá, kò sí ohun tó ń mira nínú adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oníyọ̀ pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń sùn sínú ariwo ẹ̀rọ náà, nínú yàrá kan ṣoṣo tó kọ́ sáàárín adágún kejì àti ìkẹta. Nígbà tí ariwo náà dákẹ́, kò mọ ohun tó máa fi ara rẹ̀ ṣe. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Dókítà dé lọ́sàn-án. Kò mú ìgò dání.

"Kò sí ohun tí ẹ lè mú mọ́," Oníyọ̀ sọ fún un.

"Mo mọ̀. Mo wá kí yín ni. Ẹ kú ìrọ́jú."

Kò tíì sí ẹni tó kí i. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n á wá kí ọ. Bí edé bá kú, wọ́n á béèrè bóyá ó ku díẹ̀. Ó sún lórí àga gbọọrọ, obìnrin náà jókòó. Wọ́n wo omi títí àkókò ọkọ̀ rẹ̀ fi tó. Wọn kò sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá. Nígbà tó dìde lọ, ibi tó jókòó sí ṣófo ju bó ti wà kó tó dé lọ.

Bàbá Oníyọ̀ ń gbé nínú ilé tó wà lókè, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sọ fún un pé bí àrùn bá tún pa adágún kan ṣoṣo, òun yóò ta ilẹ̀ náà, òun yóò lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin. Bàbá kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Oníyọ̀ kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì ní ibòmíràn.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Dókítà tó padà wá, ó sì mú àbá kan wá. Ó fẹ́ gbin kòkòrò tó pa edé sínú ìgò, kó fi omi gbígbóná pa á, kó sì po òkú rẹ̀ mọ́ oúnjẹ àwọn edé kéékèèké. Bí àrùn gidi bá dé, ara wọn á ti mọ ọ̀tá.

"Ohun tó pa ẹ̀gbọ́n ni kí á gbé fún àbúrò jẹ?" Bàbá béèrè.

"Òkú rẹ̀ ni, sà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi fẹ́ fi ekòló hàn wọ́n kí ejò tó dé."

"Edé ò ní orí tó lè fi rántí nǹkan."

"Kò ní lóòótọ́, sà. Ara rẹ̀ ló ń rántí. Bó ṣe ń ṣe é, a ò tíì mọ̀ ọ́n tán."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo Dókítà. Bàbá rí ohun tó rí. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òun sọ kò yí padà.

Yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ edé sí ni Dókítà sọ di ibi iṣẹ́. Ìgò máa ń wà nínú ìkòkò omi lórí iná. Ooru rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sókè jù, kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Oníyọ̀ ń wo òṣùwọ̀n ooru, Dókítà ń wo aago, fún wákàtí kan gbáko. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da díẹ̀ sórí àwo pẹlẹbẹ kan, wọ́n á bò ó, wọ́n á dúró fún ọjọ́ méjì. Bí ohunkóhun bá hù lórí àwo náà, wọ́n á da gbogbo ìgò nù. Ẹyọ kan tó bá ṣẹ́ kù láàyè, àrùn ni wọ́n fi ń bọ́ edé.

Nínú wákàtí yẹn ni wọ́n ti mọ ara wọn. Dókítà sọ fún un nípa yàrá tó háyà lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, níbi tó ti ń gbọ́ ariwo máṣíìnì lójúmọ́ láìmọ orúkọ ẹni tó ń ràn án. Kò sí oúnjẹ nínú fíríìjì rẹ̀, ìgò ló kún ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń pè é lọ́jọ́ Àìkú láti béèrè bóyá ẹnì kan ti wà. Òun náà á dáhùn pé edé wà.

Oníyọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú yàrá yẹn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," Dókítà wí lọ́jọ́ kan, "ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá péré lo ti sọ láti àárọ̀? Mo ń kà á."

"O ń ka ọ̀rọ̀ mi, o ò wo aago mọ́."

Wọ́n ní láti da ìgò yẹn nù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sẹ́ni tó bínú nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n kó edé tuntun sínú omi, Ọ̀gá Dókítà wá fúnra rẹ̀ láti ilé ìwádìí. Obìnrin àgbàlagbà ni, kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Òun ló di oúnjẹ náà sínú àpò. Ó fi okùn pupa so àwọn kan, ó fi okùn funfun so àwọn yòókù. Òkú kòkòrò wà nínú irú kan, kò sí nínú ìkejì. Òun nìkan ló mọ èwo ni èwo. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lẹ ìwé náà pa. Okùn pupa jẹ́ ti adágún kìn-ín-ní àti ìkẹta. Okùn funfun jẹ́ ti ìkejì àti ìkẹrin. Ọjọ́ méje ni wọn yóò fi jẹ ẹ́.

"Èyí tí kò gba òògùn ló máa jẹ́rìí fún èyí tó gbà," Dókítà ṣàlàyé fún Oníyọ̀.

"Bí àrùn bá dé, èyí tí kò gbà ńkọ́?"

"Wọ́n á kú."

"O ti mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti mọ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn."

Oníyọ̀ lọ dúró létí omi. Edé kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú adágún kẹrin, wọn kò tíì tó ìka ọwọ́. Ó rántí ọjọ́ mọ́kànlá, àti ìwúwo àwọ̀n. Ó rántí ohun tí Bàbá sọ.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú okùn pupa, ó tú okùn funfun, ó da oúnjẹ méjèèjì sínú bàsíà kan, ó sì fi ọwọ́ rò wọ́n pọ̀. Òun ló fi bọ́ adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọjọ́ méje. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò rò pé ibi ni. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin, tí wọ́n ní kó bọ́ méjì, kí ni kó ṣe?

Àrùn dé lóṣù kejì. Ó gba adágún aládùúgbò apá òsì, ó gba ti apá ọ̀tún. Òórùn òkú edé gba etí òkun kan. Adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Bàbá dúró.

Dókítà sáré sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ó fa àwo àwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ oúnjẹ wò jáde nínú omi, ó rí edé tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí rẹ̀, ìfun wọn kún, ó dúdú. Ó di ọwọ́ Oníyọ̀ mú. Ó pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Oníyọ̀ gbà pé rere lòun ṣe.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà kà wọ́n. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bákan náà ni adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí. Ọ̀gá ṣí ìwé, ó wò ó, ó pa á dé. Èyí tó gba òògùn yè, èyí tí kò gbà náà yè. A jẹ́ pé kì í ṣe òògùn ló gbà wọ́n là. Bóyá àrùn kò débẹ̀. Bóyá oríire ni. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Wọ́n gbé Dókítà lọ sí ẹ̀ka mìíràn tó jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi mímu wò.

Ó wá dágbére. Àpótí rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ ò sì pa ẹ́ńjìnnì. Ó dúró níwájú Oníyọ̀.

"Ṣé o ní nǹkan láti sọ fún mi?"

Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé kó má lọ. Ohun tí Oníyọ̀ ní láti sọ yàtọ̀ sí ìyẹn, ó sì wúwo jù ú lọ. Bó bá sọ ọ́, Bàbá yóò gbọ́, Ọ̀gá yóò gbọ́, ojú obìnrin yìí yóò sì yí padà níbi tó dúró sí. Ó wo ilẹ̀.

"Kò sí," ó wí.

Ọkọ̀ gbé e lọ.

Oṣù mẹ́ta ni Oníyọ̀ fi bọ́ edé, tó fi yẹ omi wò, tó fi kó edé tó gbó tà. Yàrá oúnjẹ ti padà di yàrá oúnjẹ. Kò gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná tí kò jó mọ́. Ó máa ń jẹun lórí ìdúró. Ọmọ Bàbá obìnrin wá kí wọn, ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti fẹ́ dà bí edé, pé èèyàn ń rí inú rẹ̀ láti ìta. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, Bàbá sọ̀kalẹ̀ wá. Ọ̀pá ló fi ń rìn, kì í sọ̀kalẹ̀ lásán.

"Adágún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yè," ó wí. "Ìwọ lo kú. Kí ló ṣe ọ́?"

Oníyọ̀ sọ fún un. Kò pẹ́ rárá.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú. "O ba iṣẹ́ obìnrin yẹn jẹ́ nítorí kí n má bàa ta ilẹ̀?"

"Ìdajì rẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

"Ìdajì kejì ńkọ́?"

"Mi ò lè tún kó òkú mọ́."

Bàbá fi ọ̀pá ya ìlà kan sórí ẹrẹ̀, ó tún pa á rẹ́. Ó ní kó lọ sọ fún Dókítà. Ó ní kó má fi fóònù sọ ọ́, kó gbé ojú rẹ̀ lọ.

Ìdajì ọjọ́ ló fi wọkọ̀. Dókítà wà nídìí tábìlì gígùn kan, ó ń kọ nọ́ńbà sára ìgò. Ó rí i lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn, ó sì hàn lójú rẹ̀ kó tó rí i pa mọ́. Oníyọ̀ rí ìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

"Mo da àpò méjèèjì pọ̀. Gbogbo wọn ló gba òògùn. Òògùn rẹ ló gbà wọ́n là."

Dókítà gbé ìgò sílẹ̀. Ó jókòó.

"O mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo bi ọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi jí láràárọ̀ tí mo ń rò pé irọ́ ni gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo ti kó ìwé mi dànù." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ká ní pé o ò fẹ́ràn mi ni, ǹ bá lè gbé ìyẹn. Iṣẹ́ mi lo gbà lọ́wọ́ mi, o sì ń wò mí."

"Mo mọ̀. Mi ò ní àwáwí."

"Ẹ máa lọ," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ó lọ. Ṣùgbọ́n kò lọ sílé. Ó wọkọ̀ lọ sí ilé ìwádìí, ó béèrè ọ́fíìsì Ọ̀gá, ó tún un sọ níbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà márùn-ún, ó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá kà á, ó wò ó lókè sílẹ̀, ó ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n ti jí edé òun, wọ́n ti jẹ edé òun, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni tó ṣàánú edé títí ó fi ba ìwádìí jẹ́ rí. Kò rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Oníyọ̀ kò retí nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe kì í retí. Lọ́jọ́ kan fóònù dún.

"Wọ́n gbà ká tún un ṣe," Dókítà wí. Kò kí i. "Bí ti tẹ́lẹ̀. Méjì gbà, méjì ò gbà. Ṣé ẹ máa lè dúró kí ẹ wò wọ́n kú?"

"Màá dúró."

"Bàbá ńkọ́?"

Oníyọ̀ gòkè lọ béèrè. Bàbá ń gé èékánná. Ó ní kó sọ fún un pé kó máa bọ̀. Oníyọ̀ rán an létí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ilẹ̀. Bàbá ní òun ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ti gbé ẹ̀ẹ̀kan náà mì.

Ọ̀gá fẹ́ kí ẹlòmíràn máa bọ́ edé lọ́tẹ̀ yìí. Dókítà ní rárá, ọkùnrin yẹn náà ni kó máa bọ́ wọn. Oníyọ̀ kò mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje, ó dúró láàárín àpò okùn pupa àti àpò okùn funfun. Bàsíà wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó bọ́ kìn-ín-ní àti ìkẹta. Ó fọ ọwọ́. Ó bọ́ ìkejì àti ìkẹrin. Dókítà, tí wọ́n ti dá padà sí ilé ìwádìí, máa ń wá lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ: bí omi ṣe níyọ̀ tó, bí edé ṣe wúwo tó. Kì í jókòó. Ó máa ń fi ìgò rẹ̀ sínú àpò, á kí i, á lọ. Oníyọ̀ á wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi dé ojú ọ̀nà.

Àrùn dé lọ́sẹ̀ keje.

Adágún kejì ló kọ́kọ́ dẹ́kun oúnjẹ. Ó fa àwo àwọ̀n jáde láàárọ̀, oúnjẹ wà lórí rẹ̀ bó ti dà á síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìkẹrin náà. Ó mọ̀ nígbà náà ohun tó wà nínú àpò okùn funfun. Àjẹkù àpò okùn pupa ṣì wà nínú yàrá, ó kún ju ìdajì lọ. Ó lè má wúlò mọ́, ó sì lè wúlò. Kò wọ yàrá náà. Ó jókòó sórí bèbè adágún kẹrin, ó sì wò wọ́n. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sétí omi, bí ẹni ń wá ọ̀nà àbáyọ. Àwọn míì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùútù rẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ń dìde kìkì láti bọ́ adágún kìn-ín-ní àti ìkẹta, tí edé inú wọn ń jẹun.

Lọ́jọ́ keje, ó wọ omi pẹ̀lú àwọ̀n. Àwọ̀n náà gùn, ènìyàn méjì ló yẹ kó fà á. Ó ti fà á dé ìdajì kó tó rí i pé ó fúyẹ́. Dókítà ti wọ omi láti apá kejì, ó di etí àwọ̀n náà mú. Aṣọ tó dáa ló wọ̀. Kò wọ bùútù.

Wọ́n fà á dé etí omi. Wọ́n kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú agbọ̀n. Wọ́n padà. Ìgbà kẹta ni Dókítà tó sọ̀rọ̀.

"Ìwé Ọ̀gá wà lápò mi. Mi ò tíì ṣí i."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ọ pé mi ò nílò kí n bi ọ́ bóyá o pò wọ́n."

Oníyọ̀ di àwọ̀n mú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó lè jẹ́ iyọ̀.

"Èmi fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan," ó wí. "Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé ọ lọ, ó yẹ kí n ti bi ọ́. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Láàárín òkú edé yìí?"

"Ibẹ̀ ni mo wà."

Ó wò ó pẹ́. "Bí o bá tún ní nǹkan lọ́kàn," ó wí, "bó burú, bó dáa, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Kí n tó wọ ọkọ̀. Kó tó di oṣù mẹ́ta."

"Ìwọ ni màá sọ ọ́ fún."

"Ó dáa. Mo gbà. Fa apá tìrẹ, olólùfẹ́, ó ti ń lọ́."

Ìgbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé náà. Bó ti rí náà ni Ọ̀gá kọ ọ́: òògùn wà nínú àpò okùn pupa, kò sí nínú ti funfun.

Ìgbéyàwó wọn kò pariwo. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé nínú ọ́fíìsì kékeré kan, Bàbá jókòó lápá kan, ìyá Dókítà lápá kejì. Ìyá wo àtàrí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní òun ti gbàdúrà fún ènìyàn, òun ò sọ irú èyí tí òun ń fẹ́. Bàbá ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀gá fi káàdì ránṣẹ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n padà sétí òkun nítorí edé ní láti jẹun. Wọ́n bọ́ kìn-ín-ní àti ìkẹta. Wọ́n ti fa omi ìkejì àti ìkẹrin gbẹ kí oòrùn lè pa ohun tó kù nínú ẹrẹ̀ wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti sán káàkiri. Obìnrin náà jókòó sórí bèbè adágún kẹrin, ó so ẹsẹ̀ rọ̀ sínú òfìfo náà. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló ń rò ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà tó fi jókòó síbẹ̀ nìkan.

Ó jókòó tì í. Kò mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Obìnrin náà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oòrùn ti wọ̀ kó tó parí.